Bí Uncle Dublin Ṣe Gun Àkàbà

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nítòsí Redan lẹ́bàá Atlanta, tí ẹ sì béèrè Fọlábí, wọ́n lè bi yín pé Fọlábí wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Uncle Dublin lẹ ń wá, àní ọmọ tí kò lè pe Yorùbá já gaara á nawọ́ hàn yín. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi gbé ìlú Dublin kó tó wá sí Atlanta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Lójú tirẹ̀, àwọn tó ti Ìkẹjà wọ bàálù tí wọ́n sì sọ̀ sí Amẹ́ríkà tààrà, wọ́n kàn dé ni, wọn ò rin ìrìn àjò kankan.

Kò sí ohun tí wọn kì í ṣe lọ́nà tiwọn ní Yúróòpù. Ní Yúróòpù, a kì í fi ṣúgà sí tíì. Ní Yúróòpù, ẹ̀ẹ̀mejì là ń rẹ àpò tíì kan, nítorí nínú omi kejì gan-an ni adùn rẹ̀ ti ń jáde. Bí òtútù bá mú, èèyàn á wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, kò ní lọ máa yí hítà sókè bí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìyá wọn kò kọ́. Èyí tó wá ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti bẹ́ẹ̀dì. Láràárọ̀, kí Uncle Dublin tó bọ́jú, á ká aṣọ tó tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, á ká aṣọ ìbora lé e, á gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí, á wá kó o sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀dì á wà níhòòhò gbalaja. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ètò nínú ilé, ohun tó fi kọ́ wọn nìyẹn, àwọn ìyàwó wọn sì dúpẹ́ gidigidi. Títí di òní, àwọn ilé kan wà ní Redan títí dé Snellville tí wọ́n ń ká bẹ́ẹ̀dì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láràárọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọ́n á ní ìlànà Yúróòpù ni.

Ilé yàrá mẹ́rin ni Uncle Dublin ń gbé ní Redan, pẹ̀lú gáréèjì àti koríko iwájú ilé tó ń gé fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Yàrá kan jẹ́ ti Praise, ọmọ wọn tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Òmíràn kún fún ẹrù tí wọ́n ń kó jọ láti fi ránṣẹ́ sílé, tí kò sì tíì lọ. Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Decatur, iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Uncle fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ ilé ìtajà ńlá kan ní Snellville lójú mọmọ, láti Ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun wà nínú ètò ààbò, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà gáréèjì lòun àti ìyàwó rẹ̀ ti sábà ń pàdé: mọ́tò kan ń wọlé, èkejì ń jáde, wọ́n á juwọ́ síra wọn. Uncle ní ohun tó ń jẹ́ kí ìgbéyàwó àwọn dùn nìyẹn, pé kò sí àyè ìjà.

Lọ́dún tó kọjá ni Tèmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ṣìkẹ́mi, dé láti Ìbàdàn, wọ́n sì fún un ní yàrá kẹrin. Ó ń kàwé láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan lẹ́bàá Decatur. Bí Ṣìkẹ́mi ṣe máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo alẹ́, Tèmi ló ń bá Uncle jẹun, òun ló sì ń gbọ́ ìtàn Yúróòpù tí gbogbo ilé ti gbọ́ sú. Ó máa ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Uncle fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ.

Ọjọ́ tí Tèmi kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún un, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Wọ́n ń ṣe research lórí kí ni?"

"Lórí inequality ní Europe, Uncle. Bí àlàfo tó wà láàárín olówó àti mẹ̀kúnnù ṣe ń fẹ̀ sí i, àti nǹkan tí ìjọba lè ṣe sí i."

"Ìka ò dọ́gba, Tèmi. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyẹn náà lẹ ń kà tí wọ́n fi máa pè yín ní doctor?"

"Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn kì í gùn sí i lọ́dọọdún."

"Àlàfo kankan ò sí ní Europe. Ṣebí mo gbé ibẹ̀? Everybody is okay there. Fún mi ní omi gbígbóná, jẹ́ kí n rẹ tíì yìí lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí Tèmi ń jẹ́ James, orúkọ náà gan-an ni Tèmi sì fi ń pè é láìfi nǹkan kan ṣáájú, ohun tí kò bá Uncle lára mu rárá. James àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù ló jọ ń ṣe ìwádìí náà. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ṣì ń gbé ibẹ̀ lẹ́nu wò. James ní òun fẹ́ mọ̀ nípa àwọn tí àlàfo náà lé jáde, tí wọ́n tún kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn. Tèmi ní òun mọ odindi ṣọ́ọ̀ṣì kan tó kún fún wọn. Inú James dùn, ó gbé iṣẹ́ náà fún un. Iṣẹ́ yìí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló sì di fisà rẹ̀ mú. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ ló já, ó di Ìbàdàn.

Uncle Dublin gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, ó kó gbogbo àwọn tó ti gbé Yúróòpù rí jọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Àwọn ará London wà níbẹ̀, àwọn ará Germany àti Italy náà sì wá. Bíyìí, alága ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, tí òun náà gbé Dublin rí, jókòó síwájú. Tèmi pín ìwé fún wọn. Àkàbà kan ló wà nínú rẹ̀, ó ní ipele mẹ́wàá. Ó ṣàlàyé pé àwọn tó rọ́wọ́ họrí jù láwùjọ ló wà lórí ìkẹwàá, àwọn tí ìyà ń jẹ jù ló sì wà lórí ìkínní. Kí oníkálukú fi àmì sí ibi tó wà nígbà tó ń gbé Yúróòpù, kó sì fi òmíràn sí ibi tó wà báyìí. Kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ.

Ọ̀rọ̀ ì bá gún régé, àfi bí Uncle Dublin ṣe dìde tó ní kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ohun tó ṣe pàtàkì báyìí láìgbàdúrà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò, Pásítọ̀ Oyèkànmí ti bọ́ síwájú.

"Orí ni yín, ẹ kì í ṣe ìrù! Òkè lẹ máa wà, ẹ ò ní wà nísàlẹ̀! Ọwọ́ yín ò ní kọ òṣì sílẹ̀ fún ara yín!"

Àmín náà mi fèrèsé. Ta ló wá kù tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkínní? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ tako ẹnu. Gbogbo wọn pátá fàmì sí ìkẹwàá, ti àná àti ti òní. Mama Evelyn, tó já tòmátì nínú oko àwọn ará Italy títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, bi Tèmi pé ṣé ibi tí àkàbà náà mọ nìyí. Nígbà tí Tèmi ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìkọkànlá sí i, ó sì gun orí rẹ̀. Uncle Dublin wo ẹ̀gbẹ́, ojú òun àti Bíyìí ṣe mẹ́rin. Wọ́n tẹ orí mọ́lẹ̀, wọ́n fàmì sí ìkẹwàá. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ọjọ́ yẹn la sì rí ibi tí wọ́n ti gbàdúrà sí ọjà náà kó tó ṣí.

James wo àwọn ìwé náà títí. Ó bi Tèmi pé bó bá jẹ́ pé góńgó àkàbà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí wà, kí ló lé wọn kúrò ní Yúróòpù? Àbí ọrọ̀ ni wọ́n ń sá fún? Kò bínú, ṣùgbọ́n ó sọ ojú abẹ níkòó: kí Tèmi mú ohùn ẹnì kan wá, ẹnì kan péré tó máa sọ bí ó ti rí gan-an, iṣẹ́ á máa lọ. Bí kò bá rí i títí di Ọjọ́ Ajé, òun á gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí àwọn èèyàn tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Tèmi padà sọ́dọ̀ Mama Evelyn. Mama Evelyn gbé àsáró síwájú rẹ̀, ó gbàdúrà fún un, kò sọ nǹkan kan nípa tòmátì. Tèmi tọ àwọn ará London lọ, àwọn yẹn ní ayé dùn ní London, ojú ọjọ́ nìkan ni kò dára. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí Uncle ṣe ń gun òkè ilé lọ, ó gbọ́ ohùn Tèmi lórí fóònù pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

"Maami, ẹ má tíì sọ fún Daddy. Ẹ jẹ́ kó di Monday ná."

Ó ń sunkún. Ọkùnrin náà dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ kan. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló mọ ẹni tó lè gba ọmọ yìí sílẹ̀. Ó sì mọ ohun tó máa ná an. Bí Uncle Dublin bá la ẹnu, Dublin á kúrò lára orúkọ rẹ̀, á ku Uncle, Atlanta sì kún fún Uncle.

Lọ́jọ́ kejì, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìtajà ní Snellville, ó pe Bíyìí.

"Bíyìí, ọmọ yìí máa padà sílé o, tá ò bá sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Ti bẹ́ẹ̀dì."

"Bẹ́ẹ̀dì wo? Èmi ò mọ bẹ́ẹ̀dì kankan, Fọlábí. Europe ni mo mọ̀."

"Kóòtù òtútù wa náà ńkọ́?"

"Mo fi Jésù bẹ̀ ẹ́. I'm the chairman of Men's Fellowship. Ọmọ mi ń fẹ́ ọmọ Pastor. Tó o bá fẹ́ sọ tìẹ, sọ tìẹ, mi ò dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n tó bá di ti bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìwọ nìkan lo sùn lórí ẹ̀."

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Uncle ká bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná. Tèmi wà nídìí tábìlì, ojú rẹ̀ wú. Uncle da omi sórí àpò tíì àná, ó jókòó.

"Gbé fóònù ẹ síbí, kó o tẹ nǹkan tó ń gba ohùn yẹn."

Tèmi wò ó. "Uncle, ẹ má bínú o. Ṣé ti ìgbàgbọ́ ni, àbí èyí tó ṣẹlẹ̀?"

"Èyí tó ṣẹlẹ̀ ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó ní yàrá kan ni onílé fi pákó gé sí mẹ́ta, tí tirẹ̀ nínú rẹ̀ gba bẹ́ẹ̀dì kan péré, àwọn méjì ló sì ni ín. Èkejì ń bá wọn di ẹran ní ilé iṣẹ́ kan lójú mọmọ, òun ń tún ọ́fíìsì ṣe lóru. Bí ọ̀kan bá ń dìde, èkejì á ti dé. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kálukú wà lọ́tọ̀, òfin àwọn sì ni pé ẹni tó bá dìde gbọ́dọ̀ ká tirẹ̀, kó gbé ìrọ̀rí lé e, kó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹni tó ń bọ̀ lè tẹ́ tirẹ̀.

"Tí mo bá dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á ṣì móoru. Nǹkan tó dáa níbẹ̀ nìyẹn. A ò lówó hítà."

Kóòtù òtútù náà, ẹyọ kan ni. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ ọ fún ara wọn, bí ẹni tó ń wọlé bá ṣe ń bọ́ ọ ni ẹni tó ń jáde ń gbé e wọ̀. Kóòtù yẹn ni kálukú wọ̀ ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Ìyá méjì ní ìlú méjì gbé kóòtù kan náà kọ́ ara ògiri, wọ́n sì ń fi ọmọ wọn yangàn fún aládùúgbò.

"Ibi tí mo ń tọ́jú lóru, ilé gíláàsì ni, létí odò. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nílùú ni onílé wa ń gbé owó ilé sókè. Nígbà tó yá, ó gbé tábìlì wa jáde kúrò nílé ìdáná, ó gbé bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì síbẹ̀." Ó mu tíì díẹ̀. "Wọ́n ní yàrá kan nínú ilé gíláàsì yẹn. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, funfun báláú, fún ẹni tó bá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pààrọ̀ aṣọ wọn lálaalẹ́."

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé?"

"Mo ń kó o lọ fọ̀, Tèmi. Mo ń kó èyí tó mọ́ lọ fọ̀, mo ń tẹ́ èyí tó mọ́."

"Ẹ ò wá sùn níbẹ̀ rí?"

"Mo dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló sùn? Ẹ̀rù ò jẹ́. Mo dìde, mo tún un tẹ́." Ó nu ojú rẹ̀, ó ní tíì ló gbóná jù, bẹ́ẹ̀ tíì náà ti tutù.

Tèmi ò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó wo kọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ Uncle. "Ti ṣúgà náà ńkọ́, Uncle?"

"A ò ní ṣúgà ni."

Tèmi dìde, ó gbé agolo ṣúgà wá síwájú rẹ̀. Uncle bu ṣíbí kan sí i, ó rò ó, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro. Ó ti dùn jù fún un. Ó gbé e tì.

Tèmi wá tẹ́ ìwé àkàbà síwájú rẹ̀. "Ti Dublin ńkọ́, sà?"

"Kọ ìkínní." Nígbà tó ti sọ ọ́ jáde, ó rí i pé òrùlé kò wó.

"Ti ìsinsìnyí ńkọ́?"

Uncle gbé àyà sókè. Ó wo ilé ìdáná náà yíká, fíríìjì onílẹ̀kùn méjì, fèrèsé tí koríko tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ti ń hàn. Ó ro yàrá mẹ́rin, ó ro gáréèjì. Àmín ọjọ́ Àìkú tún ń padà bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ti la ẹnu láti sọ ìkẹwàá, pẹ̀lú ẹ̀rí báyìí, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn gáréèjì ká sókè.

Ṣìkẹ́mi wọlé nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó kó bàtà dání nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàárọ̀, Daddy Praise. Tèmi, o ti jí?"

"Ẹ káàárọ̀, Aunty. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Shift yìí fẹ́ pa mí. Daddy Praise, ẹ ti ká bẹ́ẹ̀dì?"

"Mo ti ká a. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn."

"Ẹ ṣeun."

Ó gun òkè lọ. Wọ́n gbọ́ bó ṣe gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, èyí tó lódòdó lára, bó ṣe ń tẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀dì náà kígbe díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, oorun ti wà nínú rẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú o. Ó ṣì móoru."

Tèmi ò gbé ojú sókè. Fóònù ṣì ń gba ohùn lórí tábìlì. Uncle Dublin ń wo àtẹ̀gùn náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé inú ilé. Ó dùn ún wọra. Ó ti pẹ́ ní Redan ju bó ṣe pẹ́ ní Dublin lọ, kò sì fìgbà kan rò ó rí.

Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó wo àkàbà láti òkè dé ilẹ̀.

"Kọ méjì," ó ní.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì, Uncle?"

"Ẹni tó ń gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mi níbí, èmi ni mo fẹ́ ẹ níyàwó."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, kó má bàa jí i.